Agbẹjọ́rò tó wá sí teṣán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ṣé oore ló ṣe fún wa, àbí ojúṣe gbogbo ẹgbẹ́ wọn ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà láàárín wa.

Télọ̀ ni ọmọ àdúgbò wa kan. Ó gba aṣọ ẹbí àti owó ìránṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Máṣíìnì rẹ̀ bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan kó jáde, ọjọ́ ìnáwó sì pé láìjẹ́ pé ó rán ìdajì. Inú bí oníbàárà, ó sì tọ́ kó bí i. Ṣùgbọ́n kò gba kóòtù lọ láti gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ló lọ, lọ́yà yẹn sì kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí teṣán kan nínú ìlú yìí. Mo fi ojú ara mi rí ìwé náà. Odidi ojú ewé àkọ́kọ́ kò dárúkọ aṣọ. "Jìbìtì" ló wà níbẹ̀, àti "ó di rìkíṣí pọ̀ mọ́ àwọn kan láti jalè", àti "ó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí oníbàárà mi". Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá gbé e. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá bá ti kàn rí mọ ìdí tí wọ́n fi ń yan ọjọ́ Ẹtì: kóòtù ti fẹ́ kógbá wọlé, ẹni tí wọ́n bá mú yóò wà nínú sẹ́ẹ̀lì di ọjọ́ Ajé láìsí adájọ́ kankan tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe lọ́yà. Ọ̀kan ní òun ti kúrò ní ọ́fíìsì. Èkejì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kí òun tó gbẹ́sẹ̀. Òmíràn mọ ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn náà, ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ da àárín àwọn rú. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọbìnrin kan, tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, tó sọ̀ lórí ọ̀kadà. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kí ọ̀gá tó wà ní káńtà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yín." Ó kà á, ó tún un kà, ó wá béèrè ìgbà tí aṣọ tí kò parí ti di ọ̀ràn. Wọ́n jọ wọlé lọ bá DPO, ọ̀gá tó ń darí teṣán náà. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀ fún onídùúró, kọ́bọ̀ kò jáde. Ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú bó ṣe ń bọ̀, nítorí pé wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ kí wọ́n tó tì í mọ́lé, wọn kò sì tíì rí i fún un.

Gbogbo àdúgbò ló ń ṣàdúrà fún ọmọbìnrin náà, èmi náà sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo? Àwọn agbẹjọ́rò ìlú yìí ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, wọ́n ní ìpàdé, wọ́n ní alága. Tó bá jẹ́ pé àánú ẹnì kan la gbójú lé kí òfin tó lè gbà wá, a jẹ́ pé òfin kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Lójú tèmi, gbogbo ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ló jẹ ìlú ní gbèsè yìí. Ẹ̀yin ńkọ́?

Lọ́yà Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e wá. Agbẹjọ́rò ni mí, kóòtù Òṣogbo níbí ni mo sì ti ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ apá tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn tìtorí gbèsè lásán tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ síwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà síbi tí wọ́n tì í mọ́. Ẹ wò ó, teṣán wo ló wà ní Òṣogbo tí kóòtù jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀? Abala yẹn kan náà ní ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ìlànà iṣẹ́ wa, ti 2007 àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 2023, ní kí agbẹjọ́rò gbé òfin ró, kó sì ti ìdájọ́ òdodo lẹ́yìn. Ó tún ní kí a má kúrò nínú òfin bí oníbàárà bá tilẹ̀ ní ká kúrò.

Ibi tí n ò ti ní bá yín lọ ni ti àwọn tó béèrè owó. Ìlànà wa ní agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ kọ iṣẹ́ ní kóòtù tó ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá san owó tó tọ́ fún un. Owó tó tọ́ wà nínú rẹ̀. Owó oṣù tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń gbà, ojú ń ti ènìyàn láti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á san owó ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, wọ́n á san owó ẹ̀ka, wọ́n á ra òǹtẹ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀. Lílọ sí teṣán lóru náà léwu, a mọ agbẹjọ́rò tí wọ́n ti tì mọ́lé pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀.

Ìjọba sì ti dá àjọ sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí láti 1976, Legal Aid Council, òfin tó ń darí rẹ̀ báyìí jẹ́ ti 2011, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Òṣogbo níbí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó ti di ₦70,000 láti 2024, ló wà fún. Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìdí tí owó àjọ yẹn kò fi tó nǹkan kan. Ẹrù ìjọba ni, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ rù wá.

Aláṣọ Ìgbọ̀nà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún oníbàárà tó kó owó aṣọ sílẹ̀ náà.

Ọjà Ìgbọ̀nà ni mo ti ń ta aṣọ. Ẹnì kan kó aṣọ lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lùwé, ó san díẹ̀, ó jókòó lé ìyókù. Nítorí pé mo fẹ́ ṣe é bí òfin ṣe wí, kóòtù ni mo gbà lọ. Ọjọ́ tí adájọ́ bá wà, lọ́yà olùjẹ́jọ́ á kọ lẹ́tà pé ara òun kò yá. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, adájọ́ ti lọ ìpàdé. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá wà, wọ́n á ní ìwé kan kò tíì wọ fáìlì. Owó tó lè ra odidi bándù aṣọ nígbà tí mo pẹjọ́, kò lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́ báyìí. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi gbé ti ẹ̀ lọ sí teṣán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti gba owó rẹ̀.

Mi ò sọ pé ó dáa kí wọ́n ti télọ̀ mọ́lé. Ìyá ọmọ lèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ń ka abala òfin fún wa, ẹ̀yin lẹ sọ kóòtù di ibi tí owó ènìyàn ń kú sí. Bí ẹ bá ti ọ̀nà tó tọ́ pa, ibo lẹ fẹ́ kí a gbà?

Bàbá Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ kú àsọyé gbogbo yín. Ìyá Aláṣọ, ẹ ò jayò pa, òótọ́ lẹ sọ. Mo lo ìgbà ayé mi nínú ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ yín àti ti ọmọ télọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ ṣe máa ń rí ní kóòtù májísíréètì. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, a ti lẹ orúkọ àwọn ẹjọ́ mọ́ ara pátákó. Ọkọ̀ àwọn wọ́dà á dé láti Iléṣà, nítorí pé ọgbà Iléṣà ni a máa ń fi àwọn tí kóòtù Òṣogbo bá ní kí wọ́n wà látìmọ́lé ránṣẹ́ sí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì, ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì ẹnì kejì. A ó pe orúkọ. Adájọ́ á béèrè pé, "Ta ló dúró fún un?" Kóòtù á dákẹ́. Agbẹjọ́rò tó jókòó síwájú lè tó mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, oníkálukú ń yẹ fáìlì tirẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí orí bá bá ẹni yẹn ṣe é, ọ̀kan nínú wọn á dìde, á ní òun dúró fún un láìgba owó, á tọrọ bélì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ rárá. Mo ti rí ẹni tó pẹ́ ní Iléṣà, tí ohun kan ṣoṣo tó dá a dúró níbẹ̀ kò ju pé kò sẹ́ni tó dìde.

Nígbà tí bélì bá sì jáde, wọ́n á ní kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipò kan, kí èkejì ní ilẹ̀ tàbí ilé tó ní ìwé. Ọmọ tó ń rù yẹ̀pẹ̀, níbo ló ti fẹ́ mọ òṣìṣẹ́ ìjọba? Agbẹjọ́rò tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á padà wá sọ fún adájọ́ pé ohun tí wọ́n béèrè ti ju agbára ẹni yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dín in kù. Bí kò bá sí agbẹjọ́rò, bélì wà lórí ìwé, ènìyàn wà nínú ọgbà.

Ẹ tún rántí 2021. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, ti gbogbo kóòtù ilẹ̀ yìí pa láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin títí wọ inú oṣù kẹfà, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí owó ilé-ẹjọ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn gómìnà. Ohun tí wọ́n béèrè wà nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, àwọn tí wọ́n ti mú kò rí adájọ́, àwọn tí ọjọ́ ẹjọ́ wọn ti pé kò rí adájọ́. Mo ń wò ó nígbà náà pé bí wọ́n bá ti kóòtù pa, kò sí ẹni tó ń jìyà rẹ̀ tó àwọn aláìní.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin agbẹjọ́rò gbé. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní kí àwọn ọlọ́pàá máa kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n mú ránṣẹ́ sí májísíréètì lóṣooṣù, kí májísíréètì àgbà sì máa bẹ teṣán wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wo ìwé, kó wo sẹ́ẹ̀lì, kó fún ẹni tó bá yẹ ní bélì. Ẹgbẹ́ yín ló yẹ kó máa béèrè ní gbogbo ìparí oṣù: ṣé ìbẹ̀wò wáyé? Teṣán wo? Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Ẹnì kan kò lè dá béèrè ìyẹn. Bí ẹgbẹ́ bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á máa retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsúnsíwájú ẹjọ́ náà ńkọ́? Lọ́yà ni. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo mọ̀ wọ́n.

Awakọ̀ Ọ̀láìyá

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé wọ́n fẹ́ ṣe é. A dìbò gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù keje 2022. Ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí, tribunal dájọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2023, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní oṣù kẹta, kóòtù tó ga jù lọ sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Kóòtù mẹ́ta, kò tó oṣù mẹ́wàá! Ọ̀rọ̀ ìjà olówó, agbẹjọ́rò àgbà kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọmọ télọ̀, ẹnì kan lórí ọ̀kadà. Ìyá Aláṣọ náà, ẹjọ́ gbèsè lásán, wọ́n ń sún un síwájú. Àwọn kan náà ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, àánú yín ni mo fẹ́ gbà.

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ìdí tí ẹjọ́ ìdìbò fi yá ni pé abala 285 nínú ìwé òfin fún un ní gbèdéke: ọjọ́ 180 ní tribunal, ọjọ́ 60 fún kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ọ̀kan. Gbèsè Ìyá Aláṣọ kò ní gbèdéke kankan. Mi ò sọ ìyẹn láti gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó fi hàn pé bí wọ́n bá fẹ́ kó yá, ó lè yá.

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, ohun kan ń múnú mi dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sàró ni wọ́n ti bí i. Ìlú Ọba ni wọ́n ti gbà á sínú iṣẹ́ ní 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa títí dòní ni pé agbẹjọ́rò wà láyé láti máa tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà, kó sì mú ìlọsíwájú bá ọ̀ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ yìí, mi ò rí bí a ṣe lè pe lílọ sí teṣán ní oore. A tún ti rí Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, tó gba ẹjọ́ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́ títí tó fi kú ní 2009, tí wọ́n sì ń tì í mọ́lé láìmọye ìgbà.

Lọ́yà Òkè-Fíà

Ọmọ dáadáa, o ṣeun. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí o ti dárúkọ Gani, jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í sábà sọ. Ní 1984, ìjọba ológun gbé kóòtù àwọn sójà kalẹ̀ láti fi dájọ́ àwọn olóṣèlú. NBA ní kí agbẹjọ́rò kankan má lọ síbẹ̀, nítorí pé kò bá ìlànà òfin mu. Gani ní àwọn tó kó owó ìlú jẹ kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́jọ́, ó sì lọ. Ẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àbùkù. Ta ló jàre nínú wọn? Títí dòní àwọn agbẹjọ́rò kò fẹnu kò. Èmi rò pé ẹgbẹ́ ló jàre lórí ìlànà, Gani ló mọ ohun tí ìlú ń rò. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé nígbà yẹn, ẹgbẹ́ kóra jọ, ó pinnu lórí ọ̀rọ̀ òfin, ó sì dúró lé e níwájú ìbọn. A lè ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ẹni ńlá.

Ìyá Aláṣọ, ọ̀rọ̀ yín dùn mí nítorí pé n kò lè sọ pé irọ́ ni. Ọ̀nà wà nínú ìlànà kóòtù tí a fi lè gba gbèsè tó hàn gbangba, tó ní ìwé lọ́wọ́, láì pe ẹlẹ́rìí rẹpẹtẹ. Ó yẹ kí lọ́yà yín ti sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àǹtí Agbẹjọ́rò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Obìnrin ni mí, mo ní ọ́fíìsì kékeré kan, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti Òkè-Fíà ń yí ká.

Irú ìwé ẹ̀sùn yẹn, wọ́n ti ní kí n kọ ọ́ rí. Onílé kan ló wá. Ayálégbé rẹ̀ kò san owó ilé. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé ayálégbé náà fẹ́ pa òun. Mo bi í pé, "Ṣé ó fẹ́ pa yín lóòótọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́yà tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ìwé ìkìlọ̀ fún ayálégbé ni mo lè kọ, ká sì gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì bí kò bá jáde. Ó kó ìwé rẹ̀, ó dìde. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, àjà òkè wa, ni wọ́n ti bá a kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rí i, bí èmi nìkan bá kọ̀, mo pàdánù oníbàárà, wọ́n sì tún ti ayálégbé yẹn mọ́lé. Kò sí ohun tí òótọ́ inú mi ṣe fún un. Bí gbogbo wa nínú ìlú yìí bá kọ̀, onílé yẹn á rìn yí Òṣogbo ká láti Òkè-Fíà dé Òkè-Baálẹ̀, kò ní rẹ́ni kọ ọ́, tipátipá ló máa fi gba kóòtù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun pé gbèsè àjọjẹ ni. Agbẹjọ́rò rere kan kò lè dá a san, bó ti wù kó rí.

Ohun tó sì fà á tí a kò fi í jọ kọ̀ ọ́ ni pé a kì í fẹ́ fi ara wa sùn. Ọ̀nà tí a lè gbà fi agbẹjọ́rò tó ṣìwà hù sùn wà: ẹgbẹ́ á yẹ ọ̀rọ̀ wò, á gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ìgbìmọ̀ yẹn sì lágbára láti yọ orúkọ ènìyàn kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n a jọ ń jókòó ní bárà kan náà, a jọ ń jẹun lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ gbọ́ ẹni tó sọ fún ìyá télọ̀ pé òun kò fẹ́ kí àárín àwọn rú. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó máa ń dà bí ìwà pẹ̀lẹ́, àwọn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń san owó rẹ̀.

Bí NBA bá tilẹ̀ kọ ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá sọ gbèsè di ọ̀ràn nínú ìwé ẹ̀sùn, a ó pè é wá ṣàlàyé, ẹ ó rí i bí yóò ṣe dín kù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àǹtí, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, tí n kò rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Lọ́yà Òkè-Fíà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí agbẹjọ́rò máa fi ebi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pọ̀ tó, kí ẹni méjì méjì máa gba ìpè láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí nọ́ńbà fóònù kan wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọkọ̀ fún ẹni tí ìpè bá kàn, ìgbà mélòó ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún? Àwọn agbẹjọ́rò tó ń sìnrú ìlú lábẹ́ NYSC náà wà nínú ìlú, iṣẹ́ ìrànwọ́ òfin sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìbéèrè kan kù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọmọ náà fẹ́ dúró fún un, wọ́n ní obìnrin kì í dúró ní bélì. A ní láti pe àbúrò bàbá rẹ̀ láti Ẹdẹ. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?

Lọ́yà Òkè-Fíà

Rárá o. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, abala 167, ní wọn kò gbọdọ̀ kọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Bélì ní teṣán kò sì gba owó, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá kankan, kó béèrè agbẹjọ́rò tó wà ní teṣán yẹn: Òfin Ọlọ́pàá, abala 66, ní kí ọlọ́pàá kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò wà ní dífíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan láti máa rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ fún mi.

Lórí ètò ọjọ́ Ẹtì, mo ti gbọ́. Àǹtí, bí ẹ bá kọ ọ́, màá buwọ́ lù ú pẹ̀lú yín, a ó sì gbé e lọ sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò májísíréètì tí Bàbá sọ kún un.

Àǹtí Agbẹjọ́rò

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi rántí bí wọ́n ṣe ń fi ìròyìn àwọn tí wọ́n mú ránṣẹ́ láti teṣán sí kóòtù nígbà tiyín, àti ọ́fíìsì tó ń gbà á. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé náà.

Aláṣọ Ìgbọ̀nà

Èmi náà ń bọ̀ wá bá ẹni tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó yá yẹn. Kí ni kí n mú dání?

Lọ́yà Òkè-Fíà

Ẹ mú ìwé tó buwọ́ lù, àti ẹ̀rí owó díẹ̀ tó ti san, ìbáà jẹ́ ti báńkì tàbí rìsíìtì tí ẹ kọ fún un. Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ tó wà ní kóòtù báyìí náà, nítorí a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dé kí a tó ṣe ohunkóhun. Ẹ má fi lọ́yà yín sílẹ̀ láì sọ fún un. Ẹ pè é kí ẹ tó wá.